Ọlọ́dẹ Ooru: Ìtàn Ẹ̀rọ Kékeré Ara Ògiri

Ẹni tó bá ti gbé ìlú òyìnbó rí ní àkókò òtútù yóò mọ ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ara ògiri ni wọ́n máa ń kàn án mọ́, ní pálọ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Kò tóbi ju ọmọrí agolo lọ. Kì í pariwo, kì í rùn. Púpọ̀ nínú wọn kì í dún ju "kẹ́" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dún "kẹ́" báyìí, ìléru tó wà nísàlẹ̀ ilé yóò gbiná, omi gbígbóná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú páìpù, gbogbo yàrá yóò sì móoru. Bí ó bá tún dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kejì, iná yóò kú. Thermostat ni àwọn òyìnbó ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ọlọ́dẹ ooru, nítorí iṣẹ́ ọlọ́dẹ gan-an ló ń ṣe: gbogbo ilé ń sùn, òun kì í sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ọ̀hún rí, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹ ní ọlọ́dẹ ooru nílé tiyín náà. Ẹ ti áyọ́ọ̀nù bọ iná mànàmáná, kí ẹ dúró wò ó. Iná pupa kékeré ara rẹ̀ yóò tàn. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná tó bí ẹ ṣe fẹ́, iná náà yóò kú. Bó bá ṣe díẹ̀, yóò tún tàn. Ta ló ń tàn án, ta ló sì ń pa á? Ẹ kò kúkú fọwọ́ kàn án. Fíríìjì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: yóò kùn, yóò dákẹ́, yóò tún kùn. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ògiri ilé òyìnbó ni ìtàn rẹ̀ dùn jù, nítorí òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, òun ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin onílé àti ayálégbé, àní láàrin ìjọba àti ará ìlú.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ìtàn náà: ọwọ́ ta ló wà lórí iná? Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tú ògbólógbòó ọlọ́dẹ kúrò lára ògiri, tí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń yí padà. Ọwọ́ tó wà lórí iná náà lè yí padà pẹ̀lú, kí onílé má sì tètè mọ̀.

ẸYIN LÁÌSÍ ADÌẸ

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ènìyàn rárá. Nídìí ẹyin adìẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ará Holland kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cornelis Drebbel. Ìlú Alkmaar ni wọ́n bí i sí ní 1572. Nígbà tó dàgbà, ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń ṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ lábẹ́ ojú àánú Ọba James Kìíní. Lára ohun tó ṣe ni àpótí kan tí ẹyin yóò fi máa di òròmọdìẹ láìjẹ́ pé adìẹ sàba lé e.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin adìẹ rí mọ ibi tí wàhálà iṣẹ́ náà wà. Bí ooru bá pọ̀ jù, ẹyin á sè. Bí ó bá kéré jù, ẹyin á dòbu. Ta ni yóò sì jókòó ti iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìsùn? Drebbel wá ọgbọ́n dá. Ó fi ọtí líle àti mákúrì sínú ìgò kan níbi tí ooru ti lè kàn án. Bí ooru bá pọ̀, ọtí yóò wú, yóò ti mákúrì sókè. Mákúrì yóò ti ọ̀pá kan, ọ̀pá náà yóò sì pa ihò afẹ́fẹ́ iná dé. Ẹ mọ̀ pé iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́ yóò rẹlẹ̀. Bí àpótí bá tún tutù, ọtí yóò sún kì, ihò yóò ṣí, iná yóò sì ràn. Ẹ ò rí i pé iná náà ni ó wá ń ṣọ́ ara rẹ̀. Drebbel kú ní London ní 1633, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì tàn kálẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò náà ti wọ ayé, kò sì tún padà.

IRIN MÉJÌ TÍ A SO PỌ̀

Ohun tó jẹ́ kí ọlọ́dẹ ooru lè kéré tó láti gbé ara ògiri ni ọgbọ́n irin méjì. Bí ooru bá mú irin, yóò gùn sí i díẹ̀. Bí ó bá mú idẹ, yóò gùn ju ti irin lọ. Báwo wá ni, bí a bá mú ọ̀pá idẹ pẹlẹbẹ kan àti ọ̀pá irin pẹlẹbẹ kan, tí a lẹ̀ wọ́n pọ̀ típẹ́típẹ́? Ẹ ronú sí àwọn ọmọdé méjì tí wọ́n so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ níbi eré ìdárayá. Bí ọ̀kan bá ń gbé ẹsẹ̀ gígùn, tí èkejì ń gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, wọn kò ní lè lọ tààrà. Wọn yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Bẹ́ẹ̀ ni irin méjì yìí. Bí ooru bá mú wọn, wọn yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá tutù, wọn yóò nà padà. Ohun tó bá sì ń tẹ̀, tó ń nà, a lè fi tan iná, a sì lè fi pa á.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe agogo, John Harrison, ló kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí ooru àti òtútù orí òkun má baà máa da agogo ọkọ̀ ojú omi rú. Ní 1830, onímọ̀ kẹ́míkà ará Scotland kan, Andrew Ure, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó lo irin méjì láti máa ṣọ́ ooru. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ló ní lọ́kàn, níbi tí ooru tó bá ti yẹ̀ díẹ̀ ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Òun ló sọ ẹ̀rọ náà ní thermostat. Èdè àwọn Gíríìkì ló ti yọ ọ́: ohun tí ń mú ooru dúró sójú kan.

OLÙKỌ́ TÍ WỌ́N Ń DÁ LẸ́NU KỌ́

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin, ọ̀pọ̀ ilé ńlá àti ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà ti kúrò ní dídá iná sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Iná kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá sí ìsàlẹ̀ ilé, èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń kó sí i, gbogbo yàrá sì ń jẹ nínú ooru rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí òtútù ń mú wà lókè, iná wà nísàlẹ̀. Báwo ni wọn yóò ṣe gbọ́ ara wọn yé?

Ní Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, olùkọ́ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà tí wọ́n ń pè ní Warren Johnson. Bí ó bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú iná yóò wọlé, yóò wo òṣùwọ̀n ooru, yóò jáde, yóò lọ ṣí ihò afẹ́fẹ́ tàbí kí ó pa á dé nísàlẹ̀. Ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn ni. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́ o, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé rí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń já mọ́ ènìyàn lẹ́nu bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí tó ń tì.

Johnson ṣe ẹ̀rọ kan, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1883. Ẹ̀rọ náà yóò wà nínú kíláàsì. Bí ooru ibẹ̀ bá yẹ̀, agogo yóò dún létí òṣìṣẹ́ náà nísàlẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ẹ̀rọ yìí kò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ó kàn ń pè é ni. Ọwọ́ ènìyàn ṣì ni ó ń ṣí ihò iná. Ní 1885, Johnson dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Milwaukee. Nígbà tó yá, ó ṣe òmíràn tó ń fi afẹ́fẹ́ inú páìpù ṣí ọ̀nà ooru fúnra rẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni kò sí ìdí mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti máa ti ibì kan dé ibì kan nítorí ooru.

Ní 1885 yẹn kan náà, ní ìlú Minneapolis níbi tí òtútù ti ń gba omi odò dì bíi yìnyín, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Albert Butz, ṣe tirẹ̀ fún inú ilé. Bí yàrá bá tutù ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ, irin inú ẹ̀rọ náà yóò jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá nínú wáyà. Mọ́tò kékeré kan yóò yí ìdajì. Ṣéènì tí wọ́n so mọ́ ọn yóò gbé ọmọrí ihò afẹ́fẹ́ ìléru sókè. Iná yóò ràn. Bí ara yàrá bá ti yá, mọ́tò yóò yí ìdajì kejì, ọmọrí yóò sì padà dé.

Ó lè dà bí ohun kékeré létí wa. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà yẹn, ẹnì kan nínú ilé, bàbá ni o, ìyá ni o, ọmọ ọ̀dọ̀ ni o, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde ní ìdájí, nígbà tí òtútù ń géni jẹ, kí ó lọ ṣí ihò iná kí àwọn yòókù tó jí. Butz tú onítọ̀hún sílẹ̀ lórí ìyẹn. Èédú ṣì ń bẹ láti kó, eérú ṣì ń bẹ láti dà nù, ṣùgbọ́n èémí iná ti kúrò lọ́wọ́ ènìyàn.

Butz fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìlú kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìwé àṣẹ àti ilé-iṣẹ́ náà fi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. W. R. Sweatt ló wá gbé e dìde, wọ́n sì gbé ọlọ́dẹ tó ní agogo jáde ní 1906, èyí tí ènìyàn lè sọ fún pé kí ó rẹ iná sílẹ̀ lóru, kí ó sì gbé e sókè láàárọ̀. Ní 1927, wọ́n dà pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Mark Honeywell ti ìlú Wabash. Orúkọ Honeywell ló wá wà lára ògiri káàkiri. Ẹni tó gbin igi kọ́ ló jẹ èso rẹ̀.

ÈYÍ TÓ RÍ ROBOTO

Ní 1953 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé ọlọ́dẹ tó lókìkí jù jáde. Ọ̀gbẹ́ni Henry Dreyfuss, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ya bí ohun èlò yóò ṣe rí, ló yà á. Ó rí roboto bí ọmọrí ìgò. Ohun tó fi dára ni pé bí ẹni tó kàn án mọ́ ògiri bá ṣe é ní wọ́gọwọ̀gọ díẹ̀, ojú kò ní rí i; ohun roboto kò ní igun tí yóò fi hàn pé ó wọ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ ooru sí i, yóò di ìta rẹ̀ mú, yóò yí i. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú lè lò ó, ọmọdé lè lò ó.

Nínú rẹ̀, irin méjì náà ni wọ́n ká bíi ìgbín. Lórí rẹ̀ ni wọ́n gbé ìgò tín-ín-rín kan tó ní mákúrì díẹ̀ nínú lé. Bí yàrá bá tutù, irin náà yóò ká, ìgò yóò fì sí apá kan, mákúrì yóò yí lọ bá orí wáyà méjì, iná mànàmáná yóò sì rí afárá gbà kọjá. Bí yàrá bá gbóná, ìgò yóò fì padà, afárá yóò já. Kò sí bátìrì, kò sí ohun tó ń gbó kíákíá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣiṣẹ́ fún ogójì, àádọ́ta ọdún láìsí ẹni tó tún un ṣe.

Ọgbọ́n kan tún wà nínú rẹ̀ tí àwọn ìyá wa yóò mọ̀ dájú. Ìyá tó ń se ìrẹsì kì í dúró títí ìrẹsì yóò fi jinná tán kó tó fa igi kúrò nídìí ìkòkò, torí ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ iná tó kù yóò parí iṣẹ́. Ọlọ́dẹ náà mọ èyí. Wáyà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń yá irin náà lára díẹ̀ nígbà tí ìléru bá ń ṣiṣẹ́, kí ó lè tètè pa iná, kí ooru tó kù nínú páìpù sì ṣe ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí n tún àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ láàrin àwa tí a ti ilẹ̀ gbígbóná lọ ṣe. Bí a bá ti ìta wọlé, tí òtútù ń gbọ̀n wá jìgìjìgì, a ó yí ọlọ́dẹ dé òpin, kí ilé lè tètè gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀! Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọlọ́dẹ kò lè ju tan-iná tàbí pa-iná lọ. Ìléru kò ní yára ju bó ṣe ń yára lọ. Ohun tí a máa rí gbà ni pé a ó gbàgbé, ilé yóò gbóná bíi ìdí ààrò, owó gáàsì yóò sì gorí ara wọn.

NÍGBÀ TÍ ÀÀRẸ FỌWỌ́ KAN ÒGIRI

Títí di àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ ooru ilé jẹ́ ọ̀rọ̀ onílé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo fi epo du Amẹ́ríkà nítorí ogun wọn pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Àgbá epo tí kò ju nǹkan bíi dọ́là 3 lọ kọjá dọ́là 11 ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974. Ní oṣù kọkànlá 1973, Ààrẹ Nixon jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà kí wọ́n rẹ ọlọ́dẹ ooru wọn sílẹ̀, kí ìwọ̀n ilé lọ́sàn-án lè wà ní 68 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 20 lórí Celsius. Ní oṣù kejì 1977, Ààrẹ Carter jókòó síwájú iná nínú súwẹ́tà, ó ní kí wọ́n tún rẹ̀ ẹ́ sí i: 65 lọ́sàn-án, 55 lóru. Èyí tó kéré jù yẹn kò ju nǹkan bíi 13 Celsius lọ. Ẹni tó bá ti jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tó le rí, kó ronú pé inú yàrá òun ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn odi tiwa nígbà náà. Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1971, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn tó fi epo du Amẹ́ríkà. Ńṣe ni a ń tà ní tiwa. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 yẹn, lẹ́yìn Saudi Arabia, àwa ni a tà epo rọ̀bì jù fún wọn. Owó tí òyìnbó ń sunkún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru rẹ̀ ló ń wọlé sí àpò ìjọba wa. Òun náà ló wà lẹ́yìn owó Udoji tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà ní 1975, tí wọ́n fi ra rédíò, fíríìjì àti ọ̀kadà, tí ọjà sì gbówó lórí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré lára ògiri ní Boston, àpò owó oṣù ní Ìbàdàn: ìdí epo kan náà ni wọ́n ti pàdé.

ÀWỌN TÍ KÒ LÓGIRI

Ẹni tó ni ilé nìkan ni Ààrẹ lè bẹ̀. Ẹni tó háyà yàrá ńkọ́? Ẹ bi àwọn àgbà tó lọ kàwé òfin tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London láàrin 1950 sí 1965. Nínú ọ̀pọ̀ yàrá tí wọ́n gbé, kò sí ọlọ́dẹ ooru rárá. Mítà ló wà níbẹ̀, ṣílè lẹ ó sì máa jù sí i lẹ́nu. Bí ṣílè bá tán, iná tán. Àwọn mìíràn ra sítóòfù tó ń jẹ kẹrosíìnì, wọ́n gbé e sáàrin yàrá, òórùn rẹ̀ sì ń bá wọn lọ sí kíláàsì lára kóòtù. Àpò ènìyàn ni ọlọ́dẹ nígbà náà.

Ní New York, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí lónìí, òmíràn ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ibẹ̀, ìléru kan ló ń fi ooru omi ránṣẹ́ sí gbogbo yàrá, ọ̀dọ̀ onílé ni ìkápá rẹ̀ wà. Ayálégbé tó wà lókè lè máa ṣí fèrèsé nínú yìnyín nítorí ooru, kí ti ìsàlẹ̀ máa wọ kóòtù sùn. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ìlú náà fi dá sí i: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di òpin oṣù karùn-ún, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, bí ìta bá ti wálẹ̀ ju 55 lọ, inú ilé kò gbọ́dọ̀ dín ní 68, lóru, kò gbọ́dọ̀ dín ní 62. Ayálégbé tí òtútù bá mú lè pe ìjọba ìlú. Ẹ ò rí i? Nígbà tí kò sí ọlọ́dẹ lára ògiri, òfin ni wọ́n ní láti fi ṣe ọlọ́dẹ.

TÍTÚ TI ÀTIJỌ́

Wàyí o, ká ní ilé tìrẹ ni, ọlọ́dẹ roboto àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ìwọ sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àṣà tirẹ̀. Àkọ́kọ́, wọn a pa iná mànàmáná ìléru ná. Ní Amẹ́ríkà, wáyà tó wọ ọlọ́dẹ kì í sábà ju volt 24 lọ, kò lè pani. Ní Britain, nínú ọ̀pọ̀ ilé, volt 230 gan-an ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì ń pani. Nítorí náà ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí, wọn a kọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan so mọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó tú u.

Wáyà méjì péré ni wọ́n sábà máa ń bá lẹ́yìn ti àtijọ́. Ti ìsinsìnyí sábà máa ń fẹ́ ẹ̀kẹta. Ìdí rẹ̀ ni pé ọlọ́dẹ àtijọ́ kì í jẹun; ooru yàrá tó láti mú irin rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ti ìsinsìnyí jẹ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ jẹ iná tirẹ̀.

Mákúrì ńkọ́? Nǹkan bíi gíráàmù 3 tàbí 4 ló sábà máa ń wà nínú ìgò kan. Májèlé ni. Òun náà ni wọ́n ń torí rẹ̀ kìlọ̀ fún wa lórí àwọn ìpara abóra. Bí ìgò náà bá fọ́, oorú rẹ̀ yóò wà nínú yàrá, ojú kò sì ní rí i. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fòfin de títa irú rẹ̀, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń kó àwọn àtijọ́ jọ sí. Kì í ṣe ohun tí à ń jù sórí ààtàn, kì í sì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé.

ỌLỌ́DẸ TÓ NÍ Ọ̀GÁ MÉJÌ

Ní 2011, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nest gbé ọlọ́dẹ tuntun jáde. Òun náà rí roboto, wọ́n sì ń yí ìta rẹ̀ bíi ti 1953. Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ìwà onílé: ìgbà tó ń jí, ìgbà tó ń jáde, ìgbà tó ń sùn. Ènìyàn lè wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi fóònù tan iná ilé rẹ̀. Google ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2014 ní bílíọ̀nù dọ́là 3.2. Èrè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ilé tí kò sí ènìyàn kò ní máa jóná lásán.

Àmọ́ ọlọ́dẹ tó ń gbọ́ràn sí fóònù rẹ lẹ́nu lè gbọ́ràn sí ẹlòmíràn náà lẹ́nu. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní ìparí oṣù kẹjọ 2022, nígbà tí oòrùn mú, nǹkan bíi ẹgbàá mọ́kànlá oníbàárà, ìyẹn 22,000, fẹ́ mú kí ẹ̀rọ atutù ilé wọn ṣiṣẹ́ sí i, ọlọ́dẹ ara ògiri sì kọ̀ fún wọn. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná ló ti i pa láti òkèèrè. Òótọ́ ni pé àwọn fúnra wọn ló ti fọwọ́ sí ìwé, tí wọ́n sì ti gba owó díẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń ka ìwé tí à ń fọwọ́ sí?

Ní oṣù kẹwàá 2025, Google dẹ́kun ìtọ́jú àwọn Nest ti 2011 àti 2012. Wọn kò kú; wọ́n ṣì lè tan iná, kí wọ́n sì pa á, bí ènìyàn bá dúró níwájú wọn tó yí wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ fóònù mọ́. Ọdún mẹ́rìnlá péré ni àgbà wọn lò. Ti mákúrì tí wọ́n tú kúrò kí wọ́n lè gbé òun sí i lè ti lo ogójì.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sí mákúrì, tàbí kó padà sí dídìde ní ìdájí. Ohun tó dára ni pé ká mọ ohun tí à ń gbà àti ohun tí à ń fi sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ Whitewater mọ ọ̀gá rẹ̀. Ọlọ́dẹ roboto ní ọ̀gá kan, ìyẹn ẹni tó bá yí i. Ti òní ní onílé lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ní ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ òsì.

Ẹni tó bá tú ọlọ́dẹ roboto àtijọ́ kúrò lára ògiri yóò sábà rí àmì roboto kan lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ọ̀dà tuntun kò tíì dé láti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Kí ó tó gbé tuntun bo àmì náà, kó bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè méjì: ta tún ni ó lè yí i yàtọ̀ sí èmi? Bí ẹ bá sì dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀, ṣé ilé mi yóò ṣì gbóná? Bí òǹtajà bá ń kánlò, kó dúró ná.